Star Trek oníkàtúùnù ti 1973: ibi tó kù sí àti ohun tó fà á. Ìbéèrè àti ìdáhùn

Star Trek wo lẹ ń sọ? Ṣebí wọ́n pọ̀.

Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ yà ni mo ń sọ. Star Trek tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, ti Captain Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú Enterprise, àti Spock elétí ṣóńṣó, ọmọ pílánẹ́ẹ̀tì Vulcan, wà lórí tẹlifíṣàn NBC ní Amẹ́ríkà láti 1966 sí 1969. Apá 79 ni wọ́n ṣe kí NBC tó gbé e kúrò. Ìgbà tí wọ́n gbé e kúrò tán, tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ìlú kọ̀ọ̀kan ń tún un fi hàn, ni òkìkí rẹ̀ wá kàn. NBC kan náà bá gbà á padà ní 8 September 1973, àmọ́ gẹ́gẹ́ bíi kàtúùnù àárọ̀ Sátidé. Ilé iṣẹ́ Filmation ti Lou Scheimer àti Norm Prescott ló yà á. Apá 16 ló wà ní sáà kìíní, 6 ní sáà kejì, èyí tó kẹ́yìn sì jáde ní 12 October 1974. Lójú tẹlifíṣàn, Star Trek lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà ni "The Animated Series" wá mọ́ ọn lára, kó má bàa dàrú mọ́ ti àkọ́kọ́.

Ẹ kórìíra rẹ̀ ni?

Rárá o. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì gbà pé àléébù rẹ̀ pọ̀. Ohun tí mi ò gbà ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń nàka sí. Wọ́n á ní ìtàn rẹ̀ kò nítumọ̀, pé eré ọmọdé ni, pé àwọ̀ rẹ̀ ń dun ojú. Èmi ní tèmi rò pé ohun tí wọ́n kọ dára, bí wọ́n ṣe gbé e jáde ni kò dára. Ẹ dán an wò: ẹ gbé apá kan sí i, ẹ kẹ̀yìn sí i, kí ẹ máa gbọ́ ọ bíi rédíò. Ẹ máa gbádùn rẹ̀ ju ìgbà tí ẹ ń wò ó lọ. Nígbà tó sì jẹ́ pé àwòrán ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀sùn ńlá nìyẹn.

Kí ló burú nínú àwòrán náà gan-an?

Kì í mira. Fíìmù máa ń gbé àwòrán 24 kọjá lójú wa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ kí kàtúùnù rẹ̀ rìn bí èèyàn, kó fọwọ́ sọ̀rọ̀ bí èèyàn, gbọ́dọ̀ ya ọ̀pọ̀ nínú wọn ní tuntun. Filmation kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ya Kirk lórí àga rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ á dúró gbagidi, ẹnu nìkan láá máa là tí á máa pa dé. Bó bá di pé kó yíjú, wọ́n á gbé àwòrán ẹ̀gbẹ́ ojú tí wọ́n ti yà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde. Bí àwọn atukọ̀ bá ń sáré, eré kan náà tí wọ́n sá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Ọkọ̀ Enterprise pàápàá, ọ̀nà mélòó kan péré ló mọ̀ ọ́n gbà kọjá níwájú àwọn ìràwọ̀. Ẹni tó bá wo apá mẹ́rin tẹ̀ léra, á ti mọ àwòrán tó ń bọ̀ kó tó dé.

Ojú ni èyí ṣe lọ́ṣẹ́ jù. Nínú Star Trek ti àkọ́kọ́, Leonard Nimoy, tó ṣe Spock, kì í ṣe wàhálà púpọ̀. Á gbé irun òkè ojú rẹ̀ kan sókè díẹ̀, DeForest Kelley, tó ṣe Dókítà McCoy, á ranjú mọ́ ọn, a ó sì mọ̀ pé inú ń bí wọn síra wọn, a ó tún mọ̀ pé ọ̀kan lè kú nítorí èkejì. Ibẹ̀ ni adùn eré yẹn wà, kò sí nínú ìbọn ayọná. Nínú kàtúùnù, ohùn àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, ojú wọn ló sọnù. Ẹnìkan á ń kéde pé gbogbo wọn fẹ́ kú, ojú rẹ̀ á rí bíi ti ẹni tó dúró ya fọ́tò ìwé ìrìnnà.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí ni pé ẹ̀yìn àwòrán, ìyẹn ibi tí wọ́n dúró sí, máa ń dára gan-an. Ọkọ̀ òkú tí wọ́n bá pàdé nínú "Beyond the Farthest Star", apá àkọ́kọ́, rí bí ohun tó hù, kò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni rọ. Kò sí ilé eré tẹlifíṣàn tó lè kọ́ irú rẹ̀ ní 1966. Ìlú tí wọ́n bí Spock sí lórí Vulcan nínú "Yesteryear" náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ya ibẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó yẹ kó máa rìn níwájú rẹ̀ ni kò rìn.

Ṣé ọ̀lẹ wá ni àwọn ayàwòrán Filmation?

Ẹ má bú wọn jù. Kàtúùnù àárọ̀ Sátidé kì í gba owó bíi ti eré alẹ́, kì í sì í ní àkókò bíi tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ míì ń gbé yíyà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè níbi tí owó iṣẹ́ ti rọjú, Filmation ń ya tiwọn ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń fi ìyẹn yangàn. Lọ́wọ́ kan náà, wọ́n san owó fún àwọn òṣèré gidi, wọ́n sì gba àwọn òǹkọ̀wé gidi. Ibi tí owó náà kò wá dé ni bébà àti yíǹkì.

Mo gbóríyìn fún wọn pé wọ́n mú ohùn àti ìtàn ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wòran kò rí ìwé owó.

Kí ni bẹ́líìtì tó ń tàn yẹn wà fún?

Bí wọ́n bá bọ́ sí ibi tí kò sí afẹ́fẹ́, atukọ̀ kọ̀ọ̀kan á tẹ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè á yí i ká, ó di kó máa mí. Ọgbọ́n fífi owó pamọ́ ni. Bí wọ́n bá wọ aṣọ òfuurufú fún wọn, wọ́n ní láti ya gbogbo wọn lákọ̀tun. Bẹ́líìtì yìí jẹ́ kí wọ́n lo Kirk àti Spock tó ti wà nílẹ̀, kí wọ́n kàn fi ìlà ìmọ́lẹ̀ yí wọn ká.

Ọgbọ́n náà mú owó wálé, ó sì pa ẹ̀rù. Òfuurufú tó yẹ kó jẹ́ ibi ikú wá di àgbàlá ilé. Ọkọ̀ òkú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, tí wọ́n bá wọ inú rẹ̀ nínú aṣọ wúwo, tí a ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, ara àwọn òǹwòran ì bá bù máṣọ.

Kí ló dé tí pińkì fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi mí nìyí. Hal Sutherland tó darí sáà kìíní, ojú rẹ̀ kì í mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ohun tó jẹ́ pińkì lójú tiwa, bí eérú ló rí lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tribble, ẹranko oníhuuhu tó ń bí bí eku, fi di pińkì, tí àwọn Kzinti, jagunjagun tó jọ ológbò ńlá, sì gbé aṣọ pińkì wọ̀ lọ sójú ogun. Àwọn míì tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní kì í ṣe ẹ̀bi Sutherland, pé Irv Kaplan tó ń bójú tó àwọ̀ ló fẹ́ràn pińkì àti elése àlùkò.

Èyí tó wù kó jẹ́, àléébù kékeré ni. Pińkì kò pa ìtàn kankan lára.

Ìṣẹ́jú mélòó ni apá kan, ṣé ó sì ṣe pàtàkì?

Ó ṣe pàtàkì ju pińkì lọ fíìfíì. Apá kan nínú Star Trek àkọ́kọ́ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Kàtúùnù náà jẹ́ ti ìlàjì wákàtí, bí ẹ bá sì yọ ìpolówó ọjà kúrò, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 24 lọ. Àwọn tó ń kọ ọ́ kò sì dín ìtàn wọn kù. Ìtàn tó tó wákàtí kan ni wọ́n ń kì bọ inú ìlàjì.

Ẹ wo "One of Our Planets Is Missing" tí Marc Daniels kọ. Ìkùukùu kan ń jẹ pílánẹ́ẹ̀tì, ó ti ń lọ bá Mantilles, níbi tí èèyàn pọ̀ lọ jàra. Olórí ibẹ̀, Bob Wesley, mọ̀ pé ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ kò lè kó gbogbo èèyàn, ó wá ní àwọn ọmọdé ni kí wọ́n kó, ìwọ̀nba tí àyè bá gbà. Kirk náà ń rò ó bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́ láti pa ohun tó lè jẹ́ ẹ̀dá olóye kí òun tó gba èèyàn là. Spock wá fi ọkàn bá ìkùukùu náà sọ̀rọ̀, ó jẹ́ kó rí ayé wa, kó lè mọ̀ pé nǹkan ẹlẹ́mìí ni òun ń jẹ.

Ẹ rò ó wò ná: olórí ìlú ń yan ẹni tó máa yè nínú ọmọ aráyé, láàárọ̀ Sátidé, níwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀! Kò sí kàtúùnù míì lórí NBC ní 1973 tó láyà irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Wesley kò gbà ju gbólóhùn díẹ̀ lọ. A kò rí òbí kan tó ń fi ọmọ rẹ̀ lé ọkọ̀ lọ́wọ́. A kò rí ẹni tó bá Wesley jiyàn. Kirk á ka ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ láti fi sáré sọ ohun tí a kò ní rí, a ó sì bọ́ sí ìran tó kàn. Bí mo bá ní kí n yan apá kan ṣoṣo tí wọn ì bá fún ní wákàtí kan, èyí ni.

Mo ń wá Chekov, atukọ̀ inú Star Trek àkọ́kọ́, mi ò rí i. Ṣé wọ́n lé e ni?

Wọn kò gbà á rárá, owó ni wọ́n sì fi bọ́jú. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú jù nínú gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ètò Filmation lákọ̀ọ́kọ́ ni pé kí wọ́n gba William Shatner tó ń ṣe Kirk, Nimoy, Kelley, James Doohan àti Majel Barrett. Doohan, tó ń ṣe Scotty, á fi ohùn ṣe Sulu mọ́ tirẹ̀. Barrett, tó ń ṣe Nọ́ọ̀sì Chapel, á ṣe Uhura mọ́ tirẹ̀. Ìyẹn ni pé Nichelle Nichols, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe Uhura lórí àga ọkọ̀ náà láti 1966, àti George Takei, ọmọ Japan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe Sulu, ni wọ́n fẹ́ já sílẹ̀. Wọ́n á máa ya ojú àwọn méjèèjì, wọ́n á gba ohùn wọn lọ́wọ́ wọn. Nimoy ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí Nichols àti Takei kò bá sí níbẹ̀, òun náà kò sí níbẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ẹ̀rí pé ọjọ́ iwájú tí Star Trek ń ròyìn jẹ́ ti gbogbo ẹ̀yà. Filmation mọ̀ pé kò sí Star Trek láìsí Spock. Wọ́n pe àwọn méjèèjì padà.

Walter Koenig, tó ń ṣe Chekov ọmọ Rọ́ṣíà, ni kò rẹ́ni gbà á sílẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò pátápátá. Wọ́n wá ní kó kọ ìtàn kan fún wọn, ó sì kọ "The Infinite Vulcan", tó jáde ní 20 October 1973. Òun ni òṣèré àkọ́kọ́ nínú wọn tó kọ apá kan nínú Star Trek, kò sì sí ohùn rẹ̀ nínú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Nínú àwọn òṣèré náà, òun nìkan ló sì kọ ìtàn fún kàtúùnù yìí.

Wọ́n ti san gbèsè fún Nichols àti Takei, wọ́n wá jẹ Koenig ní tirẹ̀. Ìtàn rẹ̀ náà, bí mo bá ní kí n sọ òótọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ dára: onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ga bí igi ẹlẹ́rù fi ara Spock ṣe Spock míì tó ga bíi tirẹ̀, láàárín àwọn èèyàn tó jẹ́ ewéko. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ní kó tún un kọ, ó sì hàn nínú rẹ̀.

Ta ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó jókòó sí àga Chekov?

Arex nìyẹn, ó lọ́wọ́ mẹ́ta, ó lẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnìkejì rẹ̀ ni M'Ress, obìnrin tó jọ ológbò, tó máa ń gba ipò Uhura nígbà mìíràn. Doohan ló ń fọhùn fún Arex, Barrett fún M'Ress, nítorí náà wọn kò ná wọn lówó òṣèré tuntun.

Àwọn méjèèjì jẹ́ ìlérí tí wọn kò mú ṣẹ. Ohun tí kàtúùnù fi ju eré èèyàn lọ ni pé bébà kì í kọ ohun tí a bá yà sí i. Wọ́n wá ya ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n mú un jókòó! Ó joyè àga. Ọwọ́ kẹta yẹn, ìgbà wo ló fi gba ẹnikẹ́ni là? A kò mọ ilé rẹ̀, a kò mọ ohun tó ń bí i nínú.

Ohùn wọn ńkọ́? Ó jọ pé ẹnìkan náà ló ń sọ̀rọ̀ ṣáá.

Etí yín dá a mọ̀. Ohùn tí Doohan ṣe nínú apá 22 yẹn lé ní 50. Bí àlejò kan bá wọlé, bóyá ọba ni tàbí ọlọ́ṣà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Scotty ló ń yí ohùn padà. Barrett ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin. Ẹ̀bùn Doohan pọ̀, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n bó ti wù kí ẹ̀bùn pọ̀ tó, bó bá di apá kẹwàá, etí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a mọ̀.

Ohun kejì ni pé àwọn apá díẹ̀ tó ṣáájú nìkan ni wọ́n jọ kóra jọ ka ọ̀rọ̀ wọn pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú ń gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ níbi tí iṣẹ́ míì bá gbé e lọ, wọ́n á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Shatner á bi Nimoy ní ìbéèrè, Nimoy á dáhùn láti ìlú míì. Ẹ máa gbọ́ ọ nínú àríyànjiyàn Spock àti McCoy: kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀.

Orin rẹ̀ náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni Ray Ellis kọ, ni wọ́n bá ń lò ó fún gbogbo nǹkan. Orin kan náà ni wọ́n fi ń sá fún ẹranko, òun ni wọ́n fi ń sá fún àwọn Klingon, ọ̀tá wọn.

Ṣé ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, àbí àgbà?

Filmation ti kọ́kọ́ ní èrò pé kí àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ọkọ̀ náà, kí atukọ̀ kọ̀ọ̀kan máa kọ́ ọ̀kan níṣẹ́. Gene Roddenberry tó dá Star Trek sílẹ̀ kò gbà. Ó ní bí kò bá ní jẹ́ Star Trek gidi, kí wọ́n má ṣe é. Dorothy Fontana, tó ti ṣiṣẹ́ lórí ti àkọ́kọ́, ni wọ́n fi ìtàn sí lọ́wọ́. Ní ọdún yẹn, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ń yan iṣẹ́ lódì ní Hollywood, ṣùgbọ́n àdéhùn wọn kò kan kàtúùnù, nítorí náà àwọn òǹkọ̀wé eré gidi ráyè kọ ọ́. David Gerrold kọ, Samuel Peeples kọ, Larry Niven kọ.

Torí náà, àgbà ni wọ́n kọ ọ́ fún, ọmọdé ni wọ́n tà á fún. Àgbà tó ì bá fẹ́ràn rẹ̀ ṣì ń sùn láàárọ̀ Sátidé. Ọmọdé tó jí kò rí ìjà tó tó, kò sì rí ẹranko tó ń ṣe yẹ̀yẹ́. NBC ló yan àkókò yẹn, mo sì kà á sí àléébù ẹni tó rà á, kì í ṣe ti ẹni tó ṣe é.

Ṣé òótọ́ ni pé ó gba ẹ̀bùn?

Òótọ́ ni, ó gba Emmy ọ̀sán, ẹ̀bùn ńlá àwọn eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, ní 1975 fún eré ọmọdé. "How Sharper Than a Serpent's Tooth" ni wọ́n gbé kalẹ̀, tí Russell Bates, ọmọ ẹ̀yà Kiowa, kọ pẹ̀lú David Wise, nípa Kukulkan, òrìṣà ejò oníyẹ̀ẹ́ ti àwọn Maya. Star Trek ti 1966 kò gba Emmy kankan rí títí tó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Kàtúùnù tí gbogbo ayé ń fi rẹ́rìn-ín yìí ló kọ́kọ́ gbé Emmy wọlé fún ìdílé náà, ìgbà tó sì dé, eré ti parí.

Ìtàn wọn dára ni ẹ sọ. Gbogbo wọn?

Kì í ṣe gbogbo wọn. Àìsàn tó wà nínú ìtàn náà ni pípadà sí ojú iṣẹ́ àtijọ́. Cyrano Jones oníṣòwò padà pẹ̀lú àwọn tribble. Harry Mudd oníjìbìtì padà pẹ̀lú oògùn ìfẹ́. Pílánẹ́ẹ̀tì ìgbádùn padà nínú "Once Upon a Planet". Mudd yẹn ni mi ò lè fara dà. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ti ṣe tán ni wọ́n tún ṣe.

"Yesteryear" ti Fontana nìkan ló padà sẹ́yìn tó sì mú nǹkan tuntun bọ̀. Ó lo ilẹ̀kùn àkókò tí a mọ̀ láti 1967, ó fi gbé Spock lọ bá ara rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe ẹlẹ́yà pé àdàlù ọmọ Vulcan àti ọmọ aráyé ni. I-Chaya, ẹran ọ̀sìn rẹ̀ arúgbó, fara gbọgbẹ́ nítorí rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ yàn: kó jẹ́ kí wọ́n fi oògùn fa ẹ̀mí rẹ̀ gùn nínú ìrora, tàbí kó jẹ́ kó lọ ní àlàáfíà. Ó ní kó lọ. Mark Lenard padà wá fọhùn Sarek, bàbá Spock. Apá yìí náà kò mira, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lágbára débi pé èèyàn á gbàgbé.

Èyí tó ta mí létí ni bí wọ́n ṣe ṣe Uhura. Nínú "The Lorelei Signal", àwọn ọkùnrin ọkọ̀ ti sọ orí nù, Uhura gba àkóso, ó kó àwọn obìnrin, ó lọ yọ wọ́n. Ó dùn mọ́ mi nínú. Nínú "The Slaver Weapon" tó jáde ní December 1973, obìnrin yìí kan náà ń sá lọ, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó tún sá, ọwọ́ tún tẹ̀ ẹ́. Niven mú ìtàn tirẹ̀ àtijọ́ wá, ó fi Spock, Sulu àti Uhura sínú rẹ̀, Kirk kò tilẹ̀ yọjú. Ìtàn náà le, ó mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ fún Uhura nínú rẹ̀.

Mo gbọ́ pé ìdìbò dí apá àkọ́kọ́ lọ́wọ́?

Ní Los Angeles nìkan. Takei ń díje fún ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú náà ní 1973, òfin sì ní bí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn bá gbé ohùn olùdíje kan jáde, kó fún àwọn yòókù ní àkókò kan náà. Wọ́n bá fi "Yesteryear", tí ohùn rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, ṣíwájú níbẹ̀. Takei kò wọlé.

Ṣé ó wà lára ìtàn Star Trek gidi àbí kò sí?

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, ọ́fíìsì Roddenberry fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí lára rẹ̀. Mo ka èyí sí àìṣòdodo. Òun ló ní kí wọ́n ṣe é bí Star Trek gidi, òun náà ló tún wá kọ̀ ọ́ lọ́mọ.

Wọ́n kàn ń lo ogún rẹ̀ ni láìdárúkọ rẹ̀. Yàrá ìgbafẹ́ inú "The Practical Joker", tó ń yí padà di igbó tàbí yìnyín, ló bí holodeck, irú yàrá kan náà tí gbogbo èèyàn mọ̀ láti 1987. "Bem" ti Gerrold ló fún Kirk ní Tiberius tí lẹ́tà T orúkọ rẹ̀ dúró fún, fíìmù 1991 sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Robert April, ọ̀gá àkọ́kọ́ ọkọ̀ Enterprise, fojú hàn nínú apá tó kẹ́yìn, a sì ti rí i lójú ayé báyìí nínú Strange New Worlds, eré Star Trek tí èèyàn gidi ṣe. Lẹ́yìn tí DVD rẹ̀ jáde ní 2006, ìkànnì Star Trek gbà á sínú àkójọ rẹ̀. Nígbà tí Lower Decks dé ní 2020, tí òun náà jẹ́ kàtúùnù, dókítà ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà M'Ress, onírun bíi rẹ̀. Òun ní tirẹ̀ ń rìn, ó ń bínú, ó ń bú èèyàn.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

"Yesteryear" kọ́kọ́. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú "One of Our Planets Is Missing", "The Time Trap" àti "The Slaver Weapon". "The Practical Joker" wà fún ìgbà tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ fo "Mudd's Passion" láìwẹ̀yìn.

Bí àwòrán náà bá sú mi ńkọ́?

Ẹ kà á. Alan Dean Foster sọ gbogbo apá 22 náà di ìwé, Star Trek Log, ìwé mẹ́wàá láti 1974 sí 1978. Ìwé mẹ́fà àkọ́kọ́ gba apá mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tó ku apá mẹ́rin péré, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, ó na ìtàn náà, ó fi ìrìn àjò tuntun kún un, ó fún àwọn atukọ̀ láyè láti bára wọn jiyàn. Ìtàn ìṣẹ́jú 24 wá kún odindi ìwé kan, kò sì fẹ́lẹ́. "The Slaver Weapon" ló kẹ́yìn, Log Ten, Foster sì rí iṣẹ́ fún Kirk nínú rẹ̀.